Fún Mi Ní Nọ́ńbà Ẹnì Kan ní Delhi

Ìbàdàn,
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Àṣàkẹ́, ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn àárọ̀ rẹ̀ dé ni, ara rẹ̀ sì yá gágá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́bọ̀ ló mú mi kọ lẹ́tà yìí, nítorí bí mo bá sọ ọ́ lórí fóònù, o ó ní "Mọ́mì, ó ti tán", ọ̀rọ̀ á sì tán lóòótọ́. Mo pè ọ́ ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ìyẹn aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán lọ́dọ̀ yín ní Delhi, ní India. O kò gbé e. Mo tún un pè lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ l'Ékòó, òun náà pè ọ́, fóònù ń dún lásán. Nígbà tí o wá pè padà tí o ní oorun ló gbé ọ lọ, pé mọ́jú lo ṣiṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kí o tó pè, odindi wákàtí mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí àpótí ìdáná, fóònù lọ́wọ́. Mo ń ro ó pé nínú ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ ju ogún mílíọ̀nù lọ, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí mo lè pè kí n ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi kan ilẹ̀kùn ọmọ mi." Oṣù karùn-ún rẹ níbẹ̀ rèé.

Mo mọ bí iṣẹ́ rẹ ṣe rí. Ọ́fíìsì yín wà ní Gurgaon lẹ́bàá Delhi, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lẹ ń yọjú síbẹ̀, New York sì ni àwọn oníbàárà yín wà. Bí wọ́n bá jókòó sídìí iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti lù ní Delhi. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń ti ibi iṣẹ́ dé, ìgbà náà ni tìrẹ ń bẹ̀rẹ̀, o ó sì parí ní aago méjì ààbọ̀ òru. O ó sùn wọ ọ̀sán. Bí ebi bá dé, o ó tẹ fóònù, ọmọkùnrin Zomato á fi alùpùpù gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà. Owó ilé, fóònù. Owó iná, fóònù. Báyìí lèèyàn ṣe lè gbé Delhi lọ́dún méjì kí Delhi má mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Nígbà tí èmi ń ṣe tíṣà, bí mo bá pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn ọmọ kíláàsì mi á ti máa na ọrùn wo ẹnu géètì. Iṣẹ́ tìrẹ kò ní ojú tí ń wọ̀nà báyẹn, ìwọ fúnra rẹ lo máa wá a.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ẹ̀yin ọmọ rí. O ṣì wà ní yunifásítì ní 2016 nígbà tí mo bá bàbá rẹ lọ sí Delhi fún iṣẹ́ abẹ ọkàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pè ni mo ń sọ pé dáadáa la wà. Yàrá kan la gbà ní Malviya Nagar, lókè. Ní ìsàlẹ̀ wa, ìyá àgbà kan ń gbé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin àti ìyàwó ọmọ náà. N kò gbọ́ Hindi, ìyá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ara mi kò gbà á kí n máa gba ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà kọjá láìkí i. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, mo pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ bí mo ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe, mo ní "Namaste", orúnkún mi sì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. Ìyá náà sáré gbé mi dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Àṣé àwọn náà máa ń bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, tí àgbà á sì fọwọ́ kàn wọ́n lórí, á súre. Láti ọjọ́ náà, bí n kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ ní aago mẹ́jọ, á rán ìyàwó ọmọ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú ife tíì kékeré kan tí wọ́n fi atalẹ̀ sè.

Lálẹ́ ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, Narendra Modi, olórí ìjọba wọn, bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n ní aago mẹ́jọ. Ó ní tó bá di ọ̀gànjọ́ òru, owó 500 rupee àti 1,000 rupee kì í ṣe owó mọ́. Èmi kò gbọ́, ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá rẹ ni mo wà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 500 àti 1,000 ni gbogbo owó tí mo ṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dá kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró. Awakọ̀ rí 500 lọ́wọ́ mi, ó juwọ́, ó wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ìkejì bẹ́ẹ̀. Ìkẹta bẹ́ẹ̀. Báńkì kankan kò ṣí lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ rèé, ẹ̀kọ gbígbóná wà nínú fúláàsì lọ́wọ́ mi, bàbá rẹ ń retí mi.

Mo padà wálé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ìyá àgbà yẹn jáde, ó wo ojú mi, ó wo owó tí mo dì mọ́wọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé agolo ńlá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun roti, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, sí sílẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì fa ọ̀rá kan tí wọ́n so ní kókó jáde. Owó 100 rupee ló wà nínú rẹ̀. Ó ka mẹ́wàá sí mi lọ́wọ́, ó ń gbọn ìyẹ̀fun kúrò lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo na 1,000 mi sí i, ó ti ọwọ́ mi padà. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ló túmọ̀ ohun tó sọ fún mi: "Máa lọ ná, ọkọ rẹ ń dúró."

Àṣàkẹ́, kò sí àdéhùn láàárín èmi àti obìnrin yẹn. "Namaste" ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo ní lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti kú ní 2021, ọmọ rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ sì ti kó lọ sí Kánádà. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní ẹni tí mo lè pè lọ́jọ́bọ̀.

Nítorí náà, máa jáde. Kó tó di pé o jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ lójoojúmọ́, sọ̀kalẹ̀ sí ìgboro fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán. Àwọn tó ń fi ọmọlanke ta ẹ̀fọ́ máa ń kígbe gba àdúgbò kọjá. Mú ẹnì kan nínú wọn ní oníbàárà, máa pè é ní bhaiya, ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin lédè wọn. Bí o bá ra tòmátò àti àlùbọ́sà tán, wò ó bí yóò ṣe ju ewé dhaniya díẹ̀ àti ata tútù mélòó kan sí i láìgba kọ́bọ̀. Èènì ni! Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, àfi bíi pé ọjà Bódìjà ni mo wà. Ilá ni wọ́n ń pè ní bhindi. Suji tí wọ́n fi ń ṣe ohun dídùn, tí o bá rò ó nínú omi gbígbóná, sèmó ni. Kóró bàrà tí wọ́n ti bó, tí wọ́n ń pè ní magaz, mo lọ̀ ọ́, mo fi se ọbẹ̀, bàbá rẹ jẹ ẹ́ tán kó tó bèèrè ibi tí mo ti rí ẹ̀gúsí. Se oúnjẹ, kí o sì bu díẹ̀ fún ará ilé. Ṣùgbọ́n bèèrè kọ́kọ́ bóyá wọ́n ń jẹ ẹran tàbí ẹyin, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ ẹ́, má sì gbé ẹran màlúù dé ọ̀dọ̀ wọn láé.

Àwọn àgbàlagbà tí o ní wọ́n máa ń jókòó nínú ọgbà kékeré iwájú ilé yín, wọ́n lè di òbí fún ọ. Lajpat Nagar tí o ń gbé yẹn, àwọn tó sá wá nígbà tí wọ́n pín India àti Pakistan ní 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó fún. Ọ̀pọ̀ àgbà ibẹ̀ ló jẹ́ pé ìlú tí wọ́n bí òbí wọn sí ti di ilẹ̀ ibòmíràn. Wọ́n mọ ohun tí àjèjì ń jẹ́. Bi wọ́n níbi tí àwọn òbí wọn ti wá, ìtàn á ti gùn kí tíì tó tutù. Fi "ji" kún orúkọ wọn, bí àwa ṣe ń lo "ẹ̀yin". Má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ wọn, bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. A ti kọ́ ọ ní gbogbo èyí nílé, kò sì sí èyí tó máa ṣòro fún ọ.

N kò ní tàn ọ́ jẹ, gbogbo wọn kọ́ ló dà bí ìyá yẹn. Wọ́n ti dìde kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rí nínú métírò, ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọn. Àwọn ọ̀dọ́ ti yọ fóònù yà mí ní fọ́tò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Kẹta 2017, a kò tíì pẹ́ tí a padà dé nígbà tí mo gbọ́ pé àwọn èrò lu àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Greater Noida lẹ́bàá Delhi, nítorí àhesọ lásán. Oorun kò kùn mí lọ́jọ́ náà. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ sí ọ, tí o sì rí i pé èrò ń pọ̀, má dúró ṣe àlàyé. Wọ ibùdó métírò tó bá sún mọ́ ọ, àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n ń yẹ àpò wò. Nínú ọkọ̀ náà, kọ́ọ̀ṣì iwájú pátápátá jẹ́ ti obìnrin nìkan, ibẹ̀ ni kí o máa wọ̀. 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì. Jẹ́ kí iléeṣẹ́ aṣojú wa ní Chanakyapuri ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ààbò tó tóbi jù ni kí ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́, ẹni tó ń lọ aṣọ lábẹ́ igi, àti ìyá ìsàlẹ̀ ilé mọ orúkọ rẹ. Níbi tí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́, àhesọ kì í tètè rí ẹsẹ̀ dúró.

Ọ̀rọ̀ ìwé, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Físà iṣẹ́ lo ní, o sì forúkọ sílẹ̀ ní FRRO, ọ́fíìsì ìjọba tí ń forúkọ àwọn àjèjì sílẹ̀, kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé, o ṣeun. Ìwé ilé yín jẹ́ ti oṣù mọ́kànlá bíi ti ọ̀pọ̀ ayálégbé ibẹ̀, nítorí náà má jẹ́ kí ó kù ọ̀sẹ̀ kan kí o tó bá onílé sọ̀rọ̀. Ọmọ àǹtí rẹ tó ní òun fẹ́ gba físà ìgbafẹ́ wá bá ọ kí òun máa ti yàrá rẹ ṣiṣẹ́, sọ fún un pé físà yẹn kò fún un láṣẹ iṣẹ́, kí ó má fi ọ̀ràn tirẹ̀ kó bá ọ.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni oṣù méjì tó ń bọ̀ yìí. O ti rí ooru, o ti rí òjò, o kò tíì rí èéfín. Àwọn àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Punjab àti Haryana á kórè ìrẹsì tán, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbin àlìkámà, wọ́n á wá dáná sun pòròpórò inú oko. Atẹ́gùn kì í fẹ́ púpọ̀ nígbà náà. Èéfín oko, èéfín mọ́tò àti ti bánńgà ọdún Diwali á wá dúró sójú kan lórí ìlú. Ní 2016, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn Diwali, mo ṣí fèrèsé láàárọ̀, mo rò pé ọyẹ́ ni. Ó funfun báyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń rùn bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun ààtàn, ọ̀fun mi sì ń ta mí. Wọ́n ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa fún ọjọ́ mélòó kan. Ìwọ tí ikọ́ fée dà láàmú títí o fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì, má fi í ṣeré. Ra ẹ̀rọ tí ń fọ afẹ́fẹ́ sí yàrá nísinsìnyí, kí ó tó wọ́n. Ra ìbòmú N95, èyí tí wọ́n fi aṣọ rán kò lè ṣe é. Máa wo AQI, òǹkà tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe dọ̀tí tó, lórí fóònù: bó bá ti kọjá 400, má jáde rìn rárá. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, pe ìyá ìsàlẹ̀ lórí fóònù dípò kí o sọ̀kalẹ̀. Kí ìnhélà rẹ má sì jìnnà sí orí bẹ́ẹ̀dì.

Tó bá di ọjọ́ 2, oṣù Kọkànlá, aago Amẹ́ríkà á sún sẹ́yìn ní wákàtí kan. Ti India kì í yí. Iṣẹ́ rẹ á wá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago méje ààbọ̀ alẹ́, á parí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ òru, nígbà tí òtútù bá mú jù. Bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ ṣáájú, bóyá wọ́n á gbà kí o máa parí díẹ̀ ṣáájú. Bí wọn kò bá gbà, ó kéré tán o ti sọ ọ́. Èmi kò ní pè ọ́ mọ́ kó tó di aago méjìlá ọ̀sán wa, kí oorun rẹ lè pé.

Ẹnì kan nínú ìjọ wa ń bọ̀ ní Delhi fún àyẹ̀wò lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ̀lúbọ́, ìgò epo pupa kan àti súwẹ́tà rẹ ti wà nínú ẹrù tí yóò bá mi gbé. Ọ̀pá àdìrẹ méjì tún wà níbẹ̀, ẹléèlú aláró dúdú, tí kì í ṣe tìrẹ. Ti ìyá tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé yín ni. Mo bi ọ́ lórúkọ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, o ní o kò mọ̀ ọ́n. Sọ̀kalẹ̀ lọ bèèrè, kí o kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kí ẹrù náà tó kúrò n'Íbàdàn, mo fẹ́ kọ orúkọ náà sára aṣọ.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.