Àkànní, kí ló parí?

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí fọ́tò èsì PSA, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń yẹ prostate wò, tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná, 5.8, tó o wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé "ó ti parí." Kí ló parí? Tèmi lọ́dún yẹn 9 ni, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fojú kan oorun, àṣé ìtọ̀ tó ń ta mí nígbà yẹn ló fà á, kòkòrò ti wọ ibẹ̀, wọ́n fún mi lóògùn, a dúró fún ọ̀sẹ̀ 8 ká tó tún un ṣe, ó já wálẹ̀ sí 2.

PSA kì í ṣe tẹ́ẹ̀sì jẹjẹrẹ gan-gan. Prostate gbogbo ọkùnrin, ẹ̀yà ara kékeré tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ló ń ṣe é, díẹ̀ sì máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀. Tí prostate bá wú bó ṣe máa ń wú tá a bá ti ń dàgbà, tàbí téèyàn gun kẹ̀kẹ́ jìnnà, tàbí tó bá ìyàwó ẹ̀ sùn lọ́jọ́ kan méjì ṣáájú tẹ́ẹ̀sì (má rẹ́rìn-ín o), ó lè gòkè. Nínú ọkùnrin 4 tí tiwọn wà láàárín 4 sí 10, bí ẹnì kan ni wọ́n ń rí jẹjẹrẹ lára ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní kó o fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn o, torí bàbá yín ní jẹjẹrẹ prostate, ìyẹn nìkan ti tó kó o má jáfara. Sọ ọ́ fún dókítà, kó o sì wá èsì ọdún tó kọjá lọ́wọ́, wọ́n á fẹ́ mọ bó ṣe ń gòkè sí.

Wọ́n lè ní kó o tún un ṣe, kó o ya àwòrán MRI, lẹ́yìn náà biopsy, ìyẹn kí wọ́n mú díẹ̀ lára prostate lọ yẹ̀ wò, tó bá pọn dandan. Biopsy yẹn ló ń sọ bóyá jẹjẹrẹ ni, Gleason, òǹkà tó ń lọ dé 10, sì ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe le tó. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ 6, ó ní ó ti ju ìdajì 10 lọ, ló bá bú sẹ́kún, bẹ́ẹ̀ 6 ló kéré jù tí wọ́n sábà ń kọ fún jẹjẹrẹ prostate! Wọn ò gé nǹkan kan lára ẹ̀, wọ́n kàn ń ṣọ́ ọ ni, PSA lóòrèkóòrè, MRI lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. 8 sókè ló ń le.

Tí wọ́n bá ti fún ẹ ní déètì, tẹ̀ mí láago. Kó o sì gbé kẹ̀kẹ́ yẹn jù síbì kan ná.

Èmi ni,
Àjàgbé