Lẹ́tà sí Kúnlé: abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn yẹn

Kúnlé ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Osaka? Pẹ̀lẹ́ o, mo gbọ́ vóísì nóòtì ẹ, dísìkì L4/5, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, ló yọ tó ń tẹ nááfù, iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ẹsẹ̀, dókítà ní kí wọ́n kọ́kọ́ gún abẹ́rẹ́ énsáìmù, èròjà tó ń já nǹkan sí wẹ́wẹ́, tí kò bá ṣiṣẹ́ kí wọ́n wá ṣe ọpuréṣọ̀n, ìwọ wá ń bi mí pé ṣé wọn ò fẹ́ fi ẹ́ dánra wò ṣá.

Rárá o. Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yìí ti pẹ́ gan-an, oje ìbẹ́pẹ ni wọ́n ti yọ èyí tó kọ́kọ́ jáde, chymopapain, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Lyman Smith, ló bẹ̀rẹ̀ sí í gún un sí dísìkì èèyàn láyé 1960 sí 1964 yẹn. Ṣó o rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi ìbẹ́pẹ tí ò tíì pọ́n sínú ẹran tó le kó lè rọ̀, ohun tó ń ṣe fún àárín dísìkì náà nìyẹn. Wọ́n fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún ní 1982, àmọ́ ara àwọn kan kọ̀ ọ́, àléjì tó lè pààyàn, àwọn mélòó kan sì rọ lẹ́sẹ̀, wọn ò tà á mọ́ níbẹ̀ láti 2003.

Èyí tí wọ́n fẹ́ gún fún ẹ, condoliase, Japan fọwọ́ sí i ní 2018, ara bakitéríà ló ti wá, kì í jẹ prótéènì bíi ti ìbẹ́pẹ, ohun tó ń fa omi sínú dísìkì ló ń já, dísìkì á sún kì díẹ̀díẹ̀, nááfù á sì ráyè mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gún un fún èèyàn torí ara lè bínú sí i lẹ́ẹ̀kejì, jọ̀ọ́ sọ gbogbo àléjì tó o bá ní fún wọn.

Lójú tèmi ètò wọn dáa. Tí abẹ́rẹ́ bá gbà, o bọ́ lọ́wọ́ ọ̀bẹ, tí kò bá gbà, ọpuréṣọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bi wọ́n bóyá ohun tó yọ ṣì wà lábẹ́ awọ tó bò ó tàbí ó ti ya á kọjá, torí tó bá ti yà á, abẹ́rẹ́ yìí kọ́ ni tiẹ̀.

Kúnlé, tó o bá rí i pé o ò lè tọ̀ dáadáa, tàbí ibi tó o fi ń jókòó kú, tí o ò ní ìmọ̀lára níbẹ̀ mọ́, tàbí ẹsẹ̀ ò gbéra mọ́, má dúró de abẹ́rẹ́ kankan, hospital lóru ọjọ́ náà, ọpuréṣọ̀n ni ìyẹn ń fẹ́ kíákíá.

Fi fọ́tò MRI yẹn ránṣẹ́ sí mi kó o tó padà lọ bá dókítà. Kí ìyàwó ẹ fún mi.

Èmi ni,
Wálé