Kámẹ́rà kan náà fún gbogbo wọn

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ní 2016, wọ́n fẹ̀sùn màgòmágó kan Kim Se-yeon, ọmọbìnrin ọdún 17 ará Gúúsù Kòríà tí wọ́n ń pè ní Geguri nínú Overwatch, géèmù ìbọn yíyìn orí kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ìbọn rẹ̀ ń bá ọ̀tá ju bó ṣe yẹ lọ. Blizzard tó ṣe géèmù náà yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀, ó ní láti jókòó ta á níwájú kámẹ́rà tó dojú kọ ọwọ́ rẹ̀. Ní 2018 ó di obìnrin àkọ́kọ́ nínú Overwatch League, líìgì ńlá géèmù náà. Ìwọ̀sí gbáà ni wọ́n fi kàn án!

Ẹ̀yin tó ń ṣètò ìdíje géèmù, ẹ gbé kámẹ́rà sí ọwọ́ àti máòsì gbogbo àwọn tó ń ta á láti ìbẹ̀rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ti ojú nìkan kò fi nǹkan kan hàn. Ẹni tó bá fura, kí ó fi fídíò àti ìṣẹ́jú tó ti rí i ránṣẹ́ sí rẹfirí, kí ó má kọ́kọ́ gbé e sórí ayélujára.

Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí èébú, ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin máa ń pa máìkì; kò wá ní lè ké sí ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀tá ń gba ẹ̀yìn bọ̀. Tí wọ́n bá pàdánù, òun náà ni wọ́n á dá lẹ́bi. Kí rẹfirí dá eré dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó lé eléèébú jáde.

Òǹkàwé yín