Ìpàdé Sátidé: Ẹ Mú Wáyà Dání

Ẹ̀yin ará kíláàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kú iṣẹ́ o. Aago mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé la ó pàdé ní Yaba, níbi tí a máa ń jókòó sí.

Subnetting, ìyẹn pípín nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí kéékèèké, la ó kọ́kọ́ yanjú, torí ibẹ̀ ló ń ta ọ̀pọ̀ wa lókùn. Àdírẹ́sì 64 ló wà nínú /26 (ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gba bíìtì 26 àkọ́kọ́ nínú bíìtì 32 tí àdírẹ́sì ní), àmọ́ 62 péré la lè fún kọ̀ǹpútà: ti àkọ́kọ́ dúró fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, ti ìkẹyìn sì wà fún broadcast, ìyẹn fífi ìsọfúnni ránṣẹ́ sí gbogbo kọ̀ǹpútà ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má há a sórí, ẹ ṣírò ó.

Lẹ́yìn náà, a ó fi orí RJ45 (orí oníke tí a ń kì bọ ojú ihò nẹ́tíwọ́ọ̀kì) sí wáyà Cat5e, ìyẹn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. T568B, ìyẹn ètò bí àwọ̀ àwọn wáyà inú rẹ̀ ṣe ń tò tẹ̀léra, la ó lò. Funfun onílà ọsàn ló ṣáájú. Ẹni tó bá ní crimper, irinṣẹ́ tí a fi ń tẹ orí mọ́ wáyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e wá.