Adití Ń Gbọ́ Èébú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa,

Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo ní fún yín lọ́sẹ̀ yìí. Òun ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn tí mo gbọ́ pé wọ́n lé ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ àkàndá ẹ̀dá padà lẹ́nu géètì ilé ìwé ọmọ ìjọ wa kan: “Ìwọ kò gbọdọ̀ bú adití, tàbí kí ìwọ kí ó fi ohun ìdìgbòlù síwájú afọ́jú, ṣùgbọ́n kí ìwọ kí ó bẹ̀rù Ọlọ́run rẹ” (Léfítíkù 19:14).

Adití ò kúkú gbọ́rọ̀. Bí a bá bú u títí ilẹ̀ fi ṣú, kí ló kàn án? Kí ni Ọlọ́run ń ṣòfin lé lórí? Mo rò ó, mo tún un rò. Ìdáhùn kan ni pé Ọlọ́run ń gbọ́, bí ẹni tí a bú kò tilẹ̀ gbọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kejì wà, ilé wa ni mo ti kọ́ ọ. Àbúrò mi obìnrin kò gbọ́rọ̀, a ò sì tètè mọ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n fi í sí, olùkọ́ á máa nà án pé olóríkunkun ni. Bó bá délé, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ilẹ̀kùn ilé ìdáná, á tún un kọ, títí ṣọ́ọ̀kì á fi tán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é, àmọ́ ó ń wo ojú ẹni tó ń pè é. Adití ń gbọ́ èébú, ẹ̀yin ará. Ojú ló fi ń gbọ́ ọ.

Ohun ìdìgbòlù ńkọ́? Ẹni tó ní “kò sí àyè fún irú ọmọ yìí níbí” ti gbé e kalẹ̀. Ẹni tó ní kí ìyá ọmọ lọ wádìí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ wò tún gbé òmíràn lé e. Ìjọba ti ṣáájú wa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìtìjú ni fún ilé Ọlọ́run. Láti oṣù kìíní 2019 ni òfin Nàìjíríà ti ní kí ẹnikẹ́ni má ya àkàndá ẹ̀dá sọ́tọ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama. Ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, tó kọ́ṣẹ́ bí a ti ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lè san ìtanràn 100,000 náírà, kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́, mílíọ̀nù kan náírà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ìwé ò tíì ní òṣìṣẹ́ náà. Síbẹ̀, kí òbí má lọ síbẹ̀ bí ẹni tó wá ṣagbe. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ gba èsì ní kíkọ. Èmi yóò bá yín lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ìwé nínú ìjọ yìí, ẹ̀yin tí ẹ sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ tí ẹ ń wo bàtà yín, mo ń bá yín wí. Kì í ṣe ahọ́n tí a fi ń kọrin ìyìn ló yẹ ká fi gún ìyá ọlọ́mọ lára. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun jẹ̀bi, kó lọ bẹ̀ ẹ́ kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ọmọ pamọ́ sílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un wá. Bó bá pariwo nínú ìwàásù, n ó dúró dè é. Ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lápá òsì, níbi tí ariwo ẹ̀rọ ò ti pọ̀, tiyín ni. Àbúrò mi ti di aránṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀dà kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ìkéde: Gbogbo olùkọ́ Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, ìpàdé Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Kò sí àwáwí. Ìdánrawò akọrin ti di Ọjọ́bọ̀. Owó ìkórè kò tíì pé. Ẹgbẹ́ Ọkùnrin, ó ku sìmẹ́ǹtì àpò méjì ká lè sọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí àga onítáyà lè gbà.