Àbẹ̀kẹ́, Má Jẹ́ Kí Iṣu Náà Hù

Kubwa, Àbújá
Ọjọ́ 12, oṣù Kejì, ọdún 2024

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ẹ o. Ṣé dáadáa lo wà ní Wudil tó o ti ń ṣe NYSC? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Àdúgbò dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ yìí nítorí bọ́ọ̀lù àṣekágbá ife ẹ̀yẹ Áfíríkà tí wọ́n gbá lánàá. Nígbà tí Troost-Ekong fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé, ariwo tó sọ ní Kubwa kò kéré. Nígbà tí Ivory Coast dá a padà, tí wọ́n tún fi ọ̀kan lé e, ńṣe ni kálukú gbé àga rẹ̀ wọlé. Àbúrò rẹ ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ sùn. Oorun ò kun èmi náà, ọ̀rọ̀ rẹ àti èsì yunifásítì Amẹ́ríkà tó ò ń retí ló sì wá sí mi lọ́kàn. Mo mọ̀ pé mo lè pè ẹ́, àmọ́ lórí fóònù, wàá ní, “Kò sí nǹkan kan, bàbá mi, ẹ má ṣèyọnu,” ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Aládùúgbò wa tó ń lọ sí Kano ní Ọjọ́rú ló máa bá mi mú un wá.

Nígbà tó o wálé fún Kérésì, kó o tó kí mi tán ní ibùdókọ̀ ojú irin lo ti yọ fóònù wò. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lóru ọjọ́ kẹta, mo dìde láti lọ mu omi, mo rí ìmọ́lẹ̀ lára àjà yàrá yín. Aago méjì ti kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn. O fi àtàǹpàkò fa ojú fóònù wá sísàlẹ̀, o dúró kí nǹkan tó ń yí po lórí rẹ̀ dákẹ́, o wò ó, o dà á dé àyà. Kí èèyàn tó ka ení dé ẹ̀wá, o tún gbé e. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé, mi ò sì lè padà lọ sùn. Adìẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa nínú ilé yìí: ara ò rọ ìwọ, ara ò rọ àwa.

Mi ò ní sọ fún ẹ pé kó o ní sùúrù. Gbogbo ayé ló ti sọ ọ́ fún ẹ, kò sì tíì jẹ́ kó o sùn. Mo ṣe ìṣirò kan, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fún ẹ.

Nínú yunifásítì márùn-ún tó o kọ̀wé sí ní Amẹ́ríkà, Ohio, Pennsylvania àti Georgia fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa báyìí, Illinois àti Texas fi wákàtí méje. Bí akọ̀wé wọn bá jókòó sẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ní Ohio, aago mẹ́ta ọ̀sán ti lù ní Wudil. Bí wọ́n bá ń ti ọ́fíìsì ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Texas, aago méjìlá òru ti lù níbí. Láti ìgbà tó o bá jí títí tó o fi jáde ní kíláàsì, kò sẹ́ni tó jókòó sí tábìlì tó ń sọ̀rọ̀ rẹ. Ní aago méjì òru tí mo rí ẹ yẹn, gbogbo wọn ti wà nílé wọn. Àní ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ti ti ọ́fíìsì pa di ọdún tuntun. Ọjọ́ 15 oṣù tó kọjá tó o pe màmá rẹ pé gbogbo nǹkan dákẹ́, ọjọ́ ìrántí Martin Luther King ni, ìsinmi ni wọ́n wà. Lóòótọ́, ẹ̀rọ lè fi lẹ́tà ránṣẹ́ nígbàkigbà, àmọ́ lẹ́tà tó bá wọlé lóru á ṣì wà níbẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́.

Torí náà, máa wò ó lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ dára, lẹ́yìn tó o bá ti jẹun. Wo ibi tí ímeèlì máa ń da àwọn lẹ́tà tí kò mọ̀ sí pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbé fóònù sínú àpò tó o fi ń lọ síléèwé, kó o sì gbé àpò náà jìnnà sí ibùsùn.

Ó ní ohun tí mi ò sọ fún ẹ rí.

Ní oṣù Kejì 1988, mo ń ṣiṣẹ́ ní Kàdúná, mo kọ̀wé béèrè àyè máṣítà ní yunifásítì kan ní Ìlú Ọba. Ayé lẹ́tà la wà nígbà yẹn. Ojoojúmọ́ ni mo ń retí mẹ́séńjà tó máa ń lọ kó lẹ́tà wa ní pọ́ọ́sìtì ọ́fíìsì. Bàtà rẹ̀ ní irin nídìí. Mo mọ ìró rẹ̀ láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà mi láì yà, ọjọ́ ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.

Ní oṣù Kẹjọ, màmá mi ránṣẹ́ láti Ọ̀fà pé iṣu tuntun ti dé, kí n wá jẹ. Mo ní mò ń retí lẹ́tà. Nígbà tọ́dún ń parí lọ, wọ́n tún ránṣẹ́. Mo ní bí lẹ́tà bá dé nígbà tí mi ò sí ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan ra fọ́ọ̀mù máṣítà yunifásítì Zaria fún ara rẹ̀, ó ra tèmi mọ́ ọn, ó gbé e ka orí tábìlì mi. Mi ò kọ ohunkóhun sí i. Kí ni mo fẹ́ fi Zaria ṣe nígbà tí Ìlú Ọba ń bọ̀? Fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀ títí eruku ọyẹ́ fi bò ó, tí ọjọ́ tí wọ́n dá fi kọjá.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi dúró. Lẹ́tà náà ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan kó tó kàn mí. Ìlà mẹ́rin péré ni: wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọn ò lè fún mi láyè. Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo tó lọ sí Ọ̀fà. Màmá mi mú mi lọ sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó iṣu sí. Méjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n so àkísà pupa mọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án. Tèmi ni. Ó ti hù. Ọwọ́ tó yọ gùn tó apá mi, ó rọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣì, ó ń fà lọ síbi ihò fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Nígbà tí mo gbé iṣu náà, ó fúyẹ́, ara rẹ̀ ti hunjọ. Màmá mi ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, “Mo rò pé wàá wá ni.” Nílùú tí wọ́n ti ń kì wá ní ọmọ Ọlálọmí, ọmọ abíṣujóoko, màmá mi ò rí ọmọ bá wọn jẹ iṣu méjì.

Àbẹ̀kẹ́, mi ò rántí orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn mọ́. Rárá tí wọ́n sọ fún mi ò dùn mí mọ́. Oṣù mẹ́rìnlá yẹn ló ṣì ń dùn mí, nítorí kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀ fún wọn.

Bí rárá bá tilẹ̀ dé, mo fẹ́ kó o mọ ohun tó jẹ́. Ká tó kó iṣẹ́ wá sí Àbújá àti lẹ́yìn náà, mo jókòó sí ìgbìmọ̀ tó ń yan òṣìṣẹ́ tí wọ́n máa rán lọ kẹ́kọ̀ọ́. Lọ́dún kan, àyè mẹ́ta la ní, fáìlì tó wà níwájú wa lé ní 40. Fáìlì obìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò ní àbùkù, àmọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ló ń béèrè, ìṣirò-owó sì ni owó wà fún lọ́dún náà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. A kàn pa fáìlì náà dé, a gbé òmíràn. Mo ṣì ń ronú kan obìnrin yẹn, bóyá ó gbà pé òun ò kúnjú ìwọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ PhD kẹ́místrì tó o ń béèrè. Ìwọ fúnra rẹ lo ṣàlàyé fún mi pé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ló máa ń san owó ilé-ìwé akẹ́kọ̀ọ́ tí á sì tún fún un lówó oúnjẹ, kí òun náà lè máa kọ́ni tàbí kó ṣiṣẹ́ ní láàbù. Iye tí wọ́n bá lè bọ́ ni wọ́n máa ń mú. Bí owó ìwádìí ọ̀jọ̀gbọ́n tó o dárúkọ bá ń tán lọ, tàbí tí láàbù rẹ̀ ti kún, ìwé rẹ lè dára kí wọ́n má ríbi fi ẹ́ sí. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ gbé yàrá kan ní Zaria ti gba tiẹ̀, mo gbọ́. Bá a yọ̀ dénú. Kò gba àyè rẹ.

Fi èyí náà sọ́kàn. Ọ̀pọ̀ yunifásítì níbẹ̀ ló ti fọwọ́ sí àdéhùn Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fúnni ní máṣítà àti PhD, pé ẹni tí wọ́n bá fi owó ẹ̀kọ́ lọ̀, wọn ò ní fipá gba èsì lẹ́nu rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Nítorí náà, ẹni tó ní àyè mẹ́ta lè di mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mú dìgbà yẹn. Ọjọ́ tó bá jọ̀wọ́ méjì ni wọ́n á tó yíjú sí àwọn tó kàn. Bí wọ́n bá dákẹ́ nínú oṣù Kẹta, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwọ lo kàn. Bí ìdajì oṣù náà bá kọjá, kọ ímeèlì kan ṣoṣo sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ náà: kí wọn, béèrè ibi tí ìwé rẹ dé, dúpẹ́. Má kọ ìkejì lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó bá sì jẹ́ ìwọ ni Ọlọ́run fi méjì fún, èyí tó o bá ti mọ̀ pé o ò lọ, jọ̀wọ́ rẹ̀ kíákíá, ẹnìkan ń tan fóònù lóru níbòmíràn nítorí rẹ̀.

Ọkùnrin tó sọ fún ẹ pé òun mọ ẹnìkan tó lè bá ẹ “tì í” lẹ́yìn tó o bá san 200,000 náírà, má gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Owó fọ́ọ̀mù tá a san, dọ́là 75 lọ́nà mẹ́ta (méjì tó kù dá ẹ sí), ti lọ ná. Má máa ronú pé gbèsè wa wà lọ́rùn ẹ, kó o wá máa fi ìdajì 33,000 náírà tí NYSC ń san fún ẹ ránṣẹ́ sí màmá rẹ. Ó ti sọ fún mi. Fi jẹun.

Nígbà tí wọ́n bá ti ń ta fọ́ọ̀mù máṣítà Zaria, gbà á, kó o kọ ọ́ tán kó o tó sùn lọ́jọ́ náà. Èmi ni màá san án. Má wí fún mi pé Amẹ́ríkà ń bọ̀.

Àwọn ọmọ SS3 rẹ ńkọ́? Alẹ́ kan nígbà Kérésì lo sọ fún wa pé wọn ò fojú rí burette, ọ̀pá gíláàsì tí wọ́n fi ń kán omi kẹ́míkà ní ìwọ̀n, rí, pé o wá fi síríńjì ilé oògùn ṣe é, o sì se sóbò, o bù ú sí kọ́ọ̀bù mẹ́ta. O ní nígbà tó o kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ọ̀kan, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tó o kán omi eérú sí èkejì, ó di àwọ̀ ewé, gbogbo kíláàsì sì pariwo, ọmọbìnrin kan ní àjẹ́ ni ẹ́. O rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ. Wákàtí kan gbáko lo fi ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn, fóònù rẹ wà lábẹ́ ìrọ̀rí àga, o ò bèèrè rẹ̀. Mo ṣọ́ ẹ. Wọ́n á jókòó ṣe WAEC kí ìwọ tó mọ ibi tó ò ń lọ. Ìwọ nìkan ni tíṣà kẹ́místrì tí wọ́n ní.

Alẹ́ tí lẹ́tà bá dé, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni o, bó bá jẹ́ rárá o, pè wá. Má ṣe pa á mọ́ra di òwúrọ̀ pé a ti sùn. A ò tíì sùn.

Màmá rẹ ra iṣu Zaki Biam lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti ya méjì tó tóbi jù sọ́tọ̀, ó ní Àbẹ̀kẹ́ ló ni ín. Gba àṣẹ ìrìn-àjò lọ́wọ́ NYSC, wọ mọ́tò dé Kàdúná, kó o wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa. Sọ ọjọ́ tó o máa dé fún mi, màá ti wà ní ibùdókọ̀ kó o tó sọ̀. Mi ò ní dárúkọ Amẹ́ríkà, àfi tí ìwọ bá dá a sílẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ