Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: mo rí arìgìṣẹ́gi níhìn-ín

Perth, Skọ́tílándì,
Oṣù Kẹfà.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni gbogbo yín wà? Ẹsẹ̀ Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Àwa náà wà. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe báyìí, Tóyìn sì ti parí ìdánwò. Igi ẹ̀yìnkùlé wa ló mú mi kọ̀wé.

O rántí igi larch tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, èyí tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tó ń wọ́wé tán pátápátá nígbà òtútù? Ewé tuntun rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan tó fi pọ́n bí èyí tí iná rà. Onílé ní òun á gé e. Àìsàn kan ti ń pa larch ní Bìrìtéènì láti 2009, wọ́n sì ti gé púpọ̀ nítorí rẹ̀, mi ò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àyà mi já. Igi yẹn ni mo ń wò láàárọ̀ tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé tí oorun kọ̀ tí kò wá.

Mo fa ẹ̀ka kan wálẹ̀. Àwọn ewé náà ti funfun láti àárín dé ṣóńṣó, inú wọn ṣófo, ihò róbótó kan sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kan bí èèpo ìrẹsì dúró lé ọ̀kan, kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Mo fọwọ́ kàn án, orí kékeré kan sá wọlé. Mo kígbe: arìgìṣẹ́gi!

Kì í ṣe ẹbí tiwa gan-an o. Tiwa ń ṣẹ́gi jọ. Ewé lèyí ń wọ̀. Coleophora laricella lorúkọ rẹ̀. Àkókò yìí ni ìyá rẹ̀ ń yé ẹyin lẹ́yọ lẹ́yọ sára ewé. Ọmọ á ti ìdí ẹyin lu wọnú ewé tààrà, kò ní fojú kan ìta, á máa jẹ inú rẹ̀ fún bí oṣù méjì. Lẹ́yìn náà, á fi okùn ẹnu rẹ̀, bíi ti kòkòrò sányán, tẹ́ inú ewé tó ti ṣófo, á gé e lókè, á gé e nísàlẹ̀, á gbé e wọ̀, ó di rírìn. Kí igi tó wọ́wé, ó ti so àkọ̀ náà mọ́ ìdí èèhù. Orí ẹ̀ka níbẹ̀ ni yìnyín ń bá a. Tí igi bá rúwé ló ń ṣọṣẹ́: á na ọrùn wọnú ewé, á jẹ dé ibi tí ọrùn bá gùn mọ láìfi ilé sílẹ̀, á tún kọjá sí òmíràn. Bí ilé bá há mọ́ ọn, á lẹ ewé mìíràn mọ́ ọn. Ẹ̀yìn àkọ̀ ló ń gbà yàgbẹ́, ìyẹn ni inú ewé tó jẹ fi mọ́ tónítóní.

Inú àkọ̀ yẹn náà ló ti ń di àfòpiná, aláwọ̀ eérú, láìní àmì kankan. Irú àwọn Coleophora tó ń gbé inú àkọ̀ báyìí lé ní 100 ní Bìrìtéènì. Púpọ̀ wà tó jẹ́ pé àfi kí àwọn ọ̀mọ̀wé tú ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀ wò kí wọ́n tó mọ èwo ni. Igi tó ń jẹ àti ilé tó rù ló ń tètè sọ orúkọ rẹ̀.

Mo gbé ẹ̀ka náà tọ onílé lọ. Ó wò ó pẹ́, ó ní òun á dúró dé Oṣù Kẹjọ. Larch tí kòkòrò yìí jẹ sábà máa ń tún rúwé, tiwa sì ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ lókè. Ní Dunkeld, nítòsí wa níhìn-ín, ọ̀kan wà tí wọ́n gbìn ní 1738, ó ṣì dúró. Síbẹ̀ mò ń ka ọjọ́.

Àbẹ̀kẹ́, wọ́n ní wọ́n fẹ́ wó ilé Ìjẹmọ̀. Mi ò lè wá síbi òkú Ìyá Àgbà, o mọ bó ṣe dùn mí tó. Ìwé tí a ya arìgìṣẹ́gi sí lábẹ́ igi gúáfà wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Jọ̀ọ́, bá mi lọ mú un kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ojú ewé mélòó kan ṣì ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni mo fẹ́ ya èyí sí.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́